Àfọ́kù Àwo Ayé Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Wá A ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé alámọ̀ tó ti wó, ì báà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìperu tàbí ní Ṣàgámù, kí ẹ wo ipa tí àgbàrá gbà. Àwọn nǹkan funfun kéékèèké tó ń dán lójú ilẹ̀ pupa yẹn, àfọ́kù àwo tánńganran ni. Òmíràn ní òdòdó búlúù lára, òmíràn ní ìlà pupa àti ewé tó yí etí rẹ̀ ká. Ọwọ́ ló kun púpọ̀ nínú wọn, ní Staffordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Scotland, ní Maastricht nílẹ̀ Họ́láńdì. Ọkọ̀ òkun gbé wọn dé Èkó, ọkọ̀ ojú omi gbé wọn gba ọ̀sà lọ sí ọjà Èjìnrìn àti Ìkòròdú, alárù sì rù wọ́n wọ ìlú. Wọ́n jẹun nínú wọn títí wọ́n fi fọ́, wọ́n sì kó wọn dà sí ààtàn.

Ẹni tó bá fẹ́ máa wá wọn gbọ́dọ̀ mọ ohun kan kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: àfọ́kù tí a kò mọ ibi tí ó wà kí a tó ṣà á kò lè sọ nǹkan kan fún wa ju pé àwo kan fọ́ lọ. Ẹwà rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ti lọ. Nítorí náà, ilẹ̀ la ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kí a tó dé ara àwo.

Àṣẹ, òfin àti ibi tí a kì í dé

Ojú ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti ṣà. Ẹ má walẹ̀. Òfin 1979 tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìní ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí a kó o jáde kúrò lórílẹ̀-èdè láìgba àṣẹ. Yàtọ̀ sí òfin, wíwalẹ̀ láìní ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa ń da ìpele ilẹ̀ rú. Ilẹ̀ tó wà lókè, tó jẹ́ ti ayé àwọn bàbá wa, á dàpọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ tó jẹ́ ti ayé àwọn baba ńlá wọn, kò sì sí ẹni tó lè yà á mọ́.

Kò sí ilẹ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín ní Ìjẹ̀bú, bó ti wù kí igbó bò ó tó. Ẹ lọ bá olórí ẹbí tó ni ilé ahoro náà, tàbí olórítún bó bá jẹ́ inú itún (àdúgbò), tàbí baálẹ̀ bó bá jẹ́ abúlé. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an: pé àfọ́kù àwo orí ilẹ̀ lẹ ń wò, pé ẹ kò ní gbẹ́ ilẹ̀, pé ẹ ó fi ohun tí ẹ bá rí hàn wọ́n. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ yékéyéké, wọ́n á rò pé owó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ wá wú, tàbí pé ẹ wá wọn ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Àgbàlagbà tó bá gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀ máa ń wúlò ju máàpù lọ, nítorí òun ló mọ ibi tí ààtàn wà nígbà tó wà lọ́mọdé.

Igbó Agẹmọ, igbó Orò, ẹ̀yìn ilédì Òṣùgbó, ojúbọ èyíkéyìí, ẹ má dé ibẹ̀. Àwo funfun máa ń wà nídìí ojúbọ, wọ́n tilẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri àti ojú ilẹ̀ nígbà mìíràn. Èyí tó bá wà lórí sàréè tàbí ní oríta kì í ṣe ìdọ̀tí, bó tilẹ̀ fọ́. Inú kòtò Erédò Súngbọ́ náà kò sí lára ibi tí a ti ń ṣà nǹkan, ní Òkè-Ẹ̀rì tàbí níbikíbi tó gbà kọjá. Yàrà tó gùn tó 160 kìlómítà, tó sì jìn tó 20 mítà láwọn ibì kan, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ ni ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kíka ilẹ̀

Ẹ̀yìn ilé ni kí ẹ lọ, ẹ fi iwájú sílẹ̀. Wọ́n ń gbá iwájú ilé láràárọ̀, ohun tí wọ́n bá gbá, ẹ̀yìn ni wọ́n ń dà á sí. Ibi tó dára jù lọ ni kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ ilé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé nígbà náà ń gbẹ́ ilẹ̀ ìtòsí, yóò pò ó, yóò fi mọ ògiri. Kòtò tó kù sílẹ̀ á di ibi ìdalẹ̀nù fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ rẹ̀ dúdú ju ti àyíká lọ, ìkarahun ìgbín àti èèpo èkùrọ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìbẹ́pẹ sì sábà máa ń hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín.

Àlàpà náà ní àfọ́kù nínú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Àfọ́kù tó wà nínú amọ̀ ògiri ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó mọ ilé náà. Ó dàgbà ju ilé lọ. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ ilé, lábẹ́ amọ̀ tó wó lulẹ̀, ti ayé àwọn tó gbé ibẹ̀ ni. Nígbà tí òjò bá ti yọ́ ògiri tán, méjèèjì á dàpọ̀ sórí ilẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá rí àfọ́kù tó ṣì há sára ògiri, ẹ yà á ní fọ́tò níbi tó wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ògiri ni, kí ẹ má sì fà á yọ.

Àgbàrá ń gbé nǹkan. Àfọ́kù tí ẹ rí nínú gọ́tà tàbí lẹ́nu kọ́fáàtì kò fọ́ síbẹ̀. Láti òkè ló ti ń bọ̀. Ẹ wo eti rẹ̀. Bí ibi tó ti fọ́ bá ṣì mú, tó ń gé ọwọ́, kò tíì rìn jìnnà. Bó bá ti dán, tí igun rẹ̀ ti yọ́, omi ti yí i fún ìgbà pípẹ́. Ẹ máa tẹ̀lé ipa omi lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Níbi tí àfọ́kù bá ti pọ̀ sí i, tí ó tóbi sí i, tí eti wọn mú sí i, tí wọ́n sì wá dópin lójijì, orísun wọn kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ sí ibi tí ẹ dúró sí.

Òkété náà ń bá wa ṣiṣẹ́. Ẹ wo iyẹ̀pẹ̀ tó kó jáde sẹ́nu ihò rẹ̀, pàápàá nínú oko kòkó àti oko obì tó wà lórí ahoro. Ebè ẹ̀gẹ́ àti poro oko tuntun dára bákan náà, bí olóko bá gbà. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ihò o. Igi ni kí ẹ fi tú ewé gbígbẹ ká, nítorí ọkà àti àkeekèé fẹ́ràn àlàpà ju bí àwa ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Bàtà róbà tó dé orúnkún àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn kì í ṣe àṣejù. Ìgò fífọ́ pọ̀ ní ààtàn. Ẹni tí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ àkóràn ìpá ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì, kó gbà á kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ jù láyé òde òní ni típà. Bíríkìlà nílò ilẹ̀ pupa láti fi dí ìpìlẹ̀, típà á lọ gbé e wá láti ìlú mìíràn, àfọ́kù á sì bá a wá. Bí ẹ bá rí àwo àtijọ́ lórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti gbé e. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní etí ọ̀sà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà sẹ́yìn ni kí ẹ lọ, láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta. Èjìnrìn ni a kì í gbójú fò, nítorí ọjà ńlá ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ni gbogbo ẹrù: ibi tí wọ́n bá ti ń já ẹrù tó lè fọ́, wọ́n á máa ju èyí tó fọ́ nù. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìgbà tó dára ni oṣù kẹta sí ìkẹrin, lẹ́yìn òjò ńlá kìíní tàbí ìkejì, kí koríko tó bò ó. Òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ọjọ́rọ̀ ni kí ẹ lọ, tí oòrùn bá wà ní ẹ̀gbẹ́. Ìtànṣán rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ sára awọ dídán àwo náà (ìpele bíi gíláàsì tó bo ojú rẹ̀), ẹ ó sì rí i láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́sàn-án gangan, ohun gbogbo á funfun bákan náà.

Ṣàgámù àti àwọn ahoro Rẹ́mọ

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Rẹ́mọ, nítorí ibẹ̀ ní ohun tó ṣọ̀wọ́n: ọdún tí a mọ̀. Ní 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ bíi Mákùn, Ọ̀fin, Ìjòkùn, Batoro àti àwọn yòókù kó ara wọn jọ nítorí ogun, tí wọ́n dá Ṣàgámù sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kúrò di ahoro, igbó àti oko. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wá àfọ́kù fi lè fi ahoro wé itún tó ti ibẹ̀ wá.

Èrò tó máa ń wá síni lọ́kàn ni pé àwo tánńganran tí a bá rí lórí ahoro ti dé Rẹ́mọ ṣáájú 1872. Kò rí bẹ́ẹ̀ tààrà. Àwọn ọmọ ìlú náà ń padà lọ dáko síbẹ̀, wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ, àwo ń fọ́ lóko. Kí ẹ tó sọ pé ó ti pẹ́, ẹ wo ohun tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ike, ìdérí ìgò bíà tàbí àwo páànù bá wà láàárín rẹ̀, ti àwọn àgbẹ̀ ni, tàbí ó ti dàpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àfọ́kù ìkòkò amọ̀ nìkan ló yí i ká, tó sì jẹ́ irú àwo tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ ṣáájú ọdún náà, ọ̀rọ̀ ti ń lójú nìyẹn.

Ní ti Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun ní Ìmágbọn ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú ló ni ọ̀nà, ọwọ́ wọn sì ni ẹrù láti ọ̀sà ń gbà kọjá lọ sókè. Ẹ máa rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń yan ibi tí ẹ ó lọ: ojú ọ̀nà àtijọ́ láti etí omi wọ ìlú, àti ibi tí ẹnu bodè wà, ju àárín igbó lọ.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ gbé

Àwọn ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: ọ̀rá kéékèèké tó ní ìdè, bébà, pẹ́ńsù, tépù, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, ìgò omi kan, àti fóònù. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò. Bírò máa ń ṣàn bí ọ̀rinrin bá wọ inú ọ̀rá, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ṣègbé báyìí.

Ẹ ya fọ́tò àfọ́kù níbi tó wà, kí tépù tàbí pẹ́ńsù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ti tóbi tó. Ẹ ya èkejì láti ọ̀nà jíjìn, kí ògiri tàbí igi tí kò ní kúrò wà nínú rẹ̀. Ẹ fi àmì sí ibẹ̀ lórí máàpù fóònù. Ọ̀rá kan fún ibì kan: ẹ má kó ti ẹ̀yìn ilé pọ̀ mọ́ ti gọ́tà, bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré bá tilẹ̀ wà láàárín wọn. Lórí bébà inú ọ̀rá, ẹ kọ ìlú, itún, ilé ta ni, ọjọ́, irú ilẹ̀ (ààtàn, àgbàrá, ebè, etí omi), àti ẹni tó fún yín láṣẹ.

Ẹ má ṣa gbogbo rẹ̀. Etí àwo, ìdí àwo, èyí tó ní àmì ilé iṣẹ́ lẹ́yìn àti èyí tó ní àwòrán ló wúlò. Àwọn funfun lásán, ẹ kà wọ́n, ẹ kọ iye wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Iye yẹn ṣe pàtàkì: bí aláwòrán bá jẹ́ 6 nínú 80, ìtàn ibẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tó jẹ́ 40 nínú 80. Ẹni tó bá kó àwọn tó lẹ́wà nìkan lọ láìkà yòókù ti ba ibẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọwọ́ ni, àbí ẹ̀rọ?

Ibí yìí ló dùn jù. Ẹ da omi díẹ̀ sí àfọ́kù náà, kí àwọ̀ rẹ̀ lè jáde, kí ẹ wá wò ó pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, tàbí kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù fà á súnmọ́.

Àwòrán tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ní orí àti ìrù. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ balẹ̀ á nípọn, ibi tó ti gbéra á fẹ́lẹ́, nígbà mìíràn á ya bí irun. Ewé méjì lórí àwo kan kò ní bára dọ́gba. Ìlà tó yí etí àwo ká, orí pẹpẹ róbótó tó ń yí ni wọ́n ti fà á. Ẹ wá ibi tí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ ti pàdé, ó máa ń nípọn díẹ̀ níbẹ̀ tàbí kó má bára mu.

Èkejì ni èyí tí wọ́n fi kànìnkànìn tẹ̀. Wọ́n á gé kànìnkànìn sí ìrísí òdòdó, ìràwọ̀ tàbí ewé, wọ́n á tì í bọ àwọ̀, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ yípo àwo. Ìrísí kan náà ló ń tún ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n eti rẹ̀ kò mú, ihò wínníwínní kànìnkànìn á hàn nínú àwọ̀, ọ̀kan á dúdú, èyí tó tẹ̀lé e á ṣá. Láti bí àárín ọdún 1840 ni irú èyí ti wọ́pọ̀, wọ́n sì ń ṣe é wọ inú ọ̀rúndún ogún. Àwo olówó pọ́ọ́kú ni, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ìlú òkèèrè. Búrọ́ọ̀ṣì àti kànìnkànìn sì máa ń pàdé lórí àwo kan.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n fi bébà tẹ̀: wọ́n á fín àwòrán sára bàbà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi bébà lẹ àwo. Ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín àti àmì tótòtó ló para pọ̀ di àwòrán, kò sí ìpa búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ wá ibi tí bébà méjì ti pàdé tí àwòrán kò bára mu. Àwòrán búlúù onígi àti afárá tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n ń pè ní Willow, wà lára irú yìí. Kì í ṣe iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni àwòrán lílẹ̀ aláwọ̀ púpọ̀, tó gbilẹ̀ lẹ́yìn 1890: òdòdó rósì aláwọ̀ bí ìgbà tí a ya fọ́tò, àmì tótòtó rẹ̀ dọ́gba. Ẹ fi èékánná kàn án; ó sábà máa ń yọ díẹ̀ lórí awọ dídán. Àfọ́kù tí wúrà etí rẹ̀ ti bó kúrò, tí ojú rẹ̀ ti ṣá níbi tí ṣíbí ń kàn, orí awọ dídán ni àwọ̀ rẹ̀ wà. Èyí tó wà lábẹ́ awọ dídán kì í bó. Inú omi gíláàsì ló dà bíi pé ó wà.

Àwọ̀ ń sọ ọjọ́ orí, ìdí sì wà fún un. Iná ààrò tó ń yọ́ awọ dídán gbóná débi pé ọ̀pọ̀ àwọ̀ kì í là á já. Cobalt, èròjà tó ń mú àwọ̀ búlúù wá, ń là á já, ìdí nìyẹn tí búlúù fi ṣáájú. Lórí àwo Gẹ̀ẹ́sì tí a kùn lábẹ́ awọ dídán, búlúù nìkan ló wọ́pọ̀ títí di bí 1795. Láti ìgbà náà sí bí 1830, ẹ ó rí àwọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: bíráùn, òféfèé tó dà bí mọ́sítáàdì, àwọ̀ ewé tó ṣú. Pupa tó tàn, àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ kedere àti dúdú, ti lẹ́yìn bí 1830 ni, nígbà tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo chrome, èròjà àwọ̀ mìíràn tó ń la iná já. Àfọ́kù tó bá ní pupa tó tàn àti ewé tútù kò lè jẹ́ ti ọdún 1800, ohun yòówù kí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín sọ.

Ẹ tún wo awọ dídán fúnra rẹ̀ níbi tó ti kó jọ sí eti òrùka ìdí tí àwo fi ń jókòó. Bó bá rí búlúù díẹ̀ níbẹ̀, irú tí wọ́n ń ṣe láti 1779 títí dé bí 1830 sí 1840 ni. Bó bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí wàrà tó nípọn, ó lè ṣáájú ìyẹn. Bó bá funfun gbòò, lẹ́yìn 1820 ni, ó sì lè jẹ́ ti àná. Irú funfun yìí lẹ ó máa rí jù.

Amọ̀ inú ńkọ́? Ẹ kán omi kan sí ojú tó fọ́. Bí omi bá mu wọlé kíá, amọ̀ lásán ni. Bó bá jókòó lórí rẹ̀, tí tọ́ọ̀ṣì fóònù sì mọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, tánńganran líle tòótọ́ ni, ó lè jẹ́ ti Jámánì tàbí Japan. Àwọn kan máa ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ẹ má ṣe é, ààtàn ni ó ti wá. Bí irin òòfà bá fà á, àwo páànù ni.

Àmì ẹ̀yìn àwo

Àfọ́kù ìdí kékeré tó ní lẹ́tà mẹ́ta lè ṣiṣẹ́ ju odidi etí àwo lọ. Àmì tó dà bíi dáyámọ́ńdì, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà ní igun rẹ̀, ti ìforúkọsílẹ̀ àwòrán nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1842 àti 1883 ni. Láti 1884 ni «Rd No» àti nọ́ńbà ti rọ́pò rẹ̀. «England» lásán sábà máa ń jẹ́ ti 1891 síwájú, nítorí òfin Amẹ́ríkà pé kí orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é wà lára ọjà. «Made in England» jẹ́ ti ọ̀rúndún ogún lọ́pọ̀ ìgbà. «Nippon» ṣáájú 1921, «Japan» lẹ́yìn rẹ̀. «Czechoslovakia» kò lè ṣáájú 1918, bẹ́ẹ̀ ni «West Germany» kò lè ṣáájú 1949. Ẹranko olórí ènìyàn tó dùbúlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ Petrus Regout tàbí Maastricht, ti Họ́láńdì ni.

Àmì yìí ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe àwo, kò sọ ìgbà tó fọ́. Àwo tí ìyá ìyàwó gbé fún ọmọ lè pẹ́ lórí pẹpẹ fún 50 ọdún kó tó já bọ́. Nítorí náà, àwo tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú ààtàn ló ń sọ ọjọ́ ààtàn, kì í ṣe èyí tó dàgbà jù.

Àfọ́kù ìkòkò tiwa

Ẹni tó bá ń ṣa tánńganran tó ń tẹ ìkòkò amọ̀ mọ́lẹ̀ ń ṣe ohun tó dùn wá gidigidi. Àwọn obìnrin tó mọ ìkòkò náà fi ọwọ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sí i, ó sì ṣeé kà bí ìwé. Àmì okùn lílọ́ tí wọ́n yí lára rẹ̀ yóò rí bí ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó dagun. Igi gbígbẹ́ á fi ìrísí kan náà sílẹ̀ léraléra. Ṣùkù àgbàdo á fi ihò kéékèèké onígun mẹ́rin sílẹ̀ ní ìlà ní ìlà. Èyí tó ní àmì ṣùkù àgbàdo kò lè ṣáájú ìgbà tí àgbàdo ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn lẹ́yìn 1500.

Ẹ wo eti tó fọ́. Bí èéfín tàbí iná bá ti jó ojú tó fọ́ gan-an, lẹ́yìn tí ìkòkò fọ́ ni wọ́n tún lò ó, bí àpáàdì tí wọ́n fi ń fọn iná. Bí eti rẹ̀ bá jẹ́ róbótó, tí wọ́n ti ha á, ẹnì kan ló sọ ọ́ di ìdérí tàbí ohun ìṣeré. A ti ń rí irú èyí lára tánńganran náà. Ẹ má fọ èyí tó ní èéfín tàbí èérún oúnjẹ tó gbẹ mọ́ inú rẹ̀. Ẹ nu ilẹ̀ ara rẹ̀ kúrò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, kí ẹ fi bébà wé e.

Fífọ̀, wíwọ̀n àti títọ́jú

Omi tútù tó mọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ti tó. Ẹ rẹ tánńganran fún wákàtí kan, ẹ fọ̀ ọ́ nínú abọ́ (ẹ má fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn, èyí tó kéré á bá omi lọ), ẹ tò ó sórí ìwé ìròyìn níbòòji fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kì í ṣe nínú oòrùn: awọ dídán àti amọ̀ kì í fẹ̀ bákan náà nínú ooru, ibi tó ti sán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Bíléèṣì ni ọ̀tá. Yóò funfun lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ á wọ inú amọ̀, nígbà tó bá gbẹ á di kírísítà (hóró líle), á sì máa ti awọ dídán kúrò láti inú, oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fíníga ń jẹ awọ dídán. Kànìnkànìn onírin ń ha á. Àbàwọ́n bíráùn tí ilẹ̀ pupa ti kó sínú rẹ̀ kò burú. Ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tó ti omi wá ní ìhà Ìkòròdú, níbi tí omi ọ̀sà ti ń ní iyọ̀, gbọ́dọ̀ wà nínú omi tó mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá gbẹ tí ohun funfun bí ìyẹ̀fun yọ lójú tó fọ́, iyọ̀ ṣì kù, ẹ dá a padà. Ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn kò ní wàhálà yìí, omi tí kò níyọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀.

Láti mọ bí odidi àwo ti tóbi tó, ẹ fi kọ́ńpáàsì ya òbìrípo sórí bébà káàdì, láti ọ̀kan tí ìlàjì rẹ̀ (láti àárín dé etí) jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 dé sẹ̀ǹtímítà 15, kí ìdajì sẹ̀ǹtímítà wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ dorí etí àwo kodò sórí rẹ̀, ẹ máa sún un títí eti rẹ̀ á fi bá òbìrípo kan mu láìsí àlàfo. Ìlàjì yẹn lọ́nà méjì ni fífẹ̀ àwo. Àfọ́kù tí kò tó ìdá kan nínú ogún etí àwo, ẹ má gba ohun tó bá sọ gbọ́: ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún.

Fún nọ́ńbà, pẹ́ńsù lórí ojú tó fọ́, kì í ṣe lórí àwòrán. Bí méjì bá bára mu, ẹ má fi súpà gúlù tàbí áráldáìtì lẹ̀ wọ́n; bí ẹ bá ṣì í, kò ní tú mọ́ láìfọ́. Ẹ kàn fi wọ́n sínú ọ̀rá kan. Ẹni tó bá fẹ́ lu ihò sí i láti fi ṣe ẹ̀gbà, kó má ṣe é sí èyí tó ní àmì tàbí àkọsílẹ̀ ibi tó ti wá, kó lu ú nínú omi, kó bo imú: eruku amọ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, òjé sì wà nínú awọ dídán àtijọ́. Nítorí òjé yìí kan náà, a kì í jẹun nínú àwo tí a bá rí ní odidi.

Bí ẹ bá rí ohun tí kò yé yín, ẹ ya fọ́tò mẹ́ta: iwájú, ẹ̀yìn, àti ojú tó fọ́ láti ẹ̀gbẹ́, kí tépù wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níbòòji tó mọ́lẹ̀. Ojú tó fọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun sì ni àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ìwalẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn á kọ́kọ́ béèrè fún, pẹ̀lú bébà tó wà nínú ọ̀rá.